Ààrò Mànàmáná Inú Pálọ̀ Dirẹ́tọ̀

Ní Atakpamé, ní ilẹ̀ Togo, bí iná bá kú nínú ilé kan ṣoṣo, tí iná àwọn aládùúgbò sì ń tàn yòò, ohun àkọ́kọ́ tí onílé máa ń ṣe ni pé kó bínú sí aládùúgbò. Lẹ́yìn náà ni yóò gbàdúrà. Ìgbà tí ìbínú àti àdúrà bá sú u tán ni yóò tó ránṣẹ́ sí Fàósátù.

Fàósátù, tí gbogbo àdúgbò Agbonou mọ̀ sí Ìyá Ùbàídù, kì í bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ètò yìí. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tó ti ń tún iná ilé ṣe, ó sì ti gbà pé òun ni ẹnì kẹta tàbí ẹnì kẹrin tí wọ́n máa ń pè. Ó ní ó tilẹ̀ dùn mọ́ òun bẹ́ẹ̀, nítorí pé nígbà tí òun bá fi máa dé, àwọn tó fẹ́ sọ̀rọ̀ á ti sọ̀rọ̀ tán, á wá ku àwọn tó fẹ́ kí iná tàn.

Ṣakí ni bàbá rẹ̀ ti wá nígbà tó wà ní ọ̀dọ́. Ó gba ilẹ̀ Benin kọjá, ó jókòó sí ọjà Atakpamé, ó ń ta tọ́ọ̀ṣì, bátìrì, gílóòbù àti wáyà tí wọ́n ká jọ bí ejò tó ń sùn. Nígbà tí ó tó àsìkò, ó rán àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin, Àbdùlmùmín, lọ kọ́ iṣẹ́ iná lọ́dọ̀ ará Ghana kan. Ní ọjọ́ kẹta, iná gbá Àbdùlmùmín bọ́ sílẹ̀ láti orí àkàbà. Ní ọjọ́ kẹrin, ó ní Ọlọ́run ti pe òun sí iṣẹ́ aṣọ títà. Irinṣẹ́ tuntun tí bàbá rà fún un ṣì wà nínú àpò, ó ń dán. Fàósátù, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, gbé àpò náà kọ́ èjìká, ó sì gba ọ̀nà ọ̀dọ̀ ará Ghana náà lọ. Bàbá kò sọ pé kó lọ, kò sì sọ pé kó má lọ. Ohun tó sọ ni pé irinṣẹ́ kò gbọdọ̀ ṣòfò.

Ọdún mẹ́rin ló lò níbẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ kì í fẹ́ kí ọmọṣẹ́ fọwọ́ kan ohunkóhun kí ó tó béèrè ọ̀rọ̀. Bí o bá dé ilé oníbàárà tí o kàn sáré lọ sídìí ògiri, ọ̀gá á gbá ọ lórí, á ní, "Ògiri ló pè ọ́ ni?" Fàósátù kò gbàgbé ìyẹn. Títí di òní, tí ó ti di ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta, tí ó ń wọ ṣòkòtò sábẹ́ ìró, tí ó sì ń di ìborí rẹ̀ pinpin kó má bàa há sínú wáyà, àga ló kọ́kọ́ máa ń béèrè nílé oníbàárà. Á jókòó, á gbọ́ ẹjọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan nínú oṣù kọkànlá, Geneviève wọ inú ìsọ̀ rẹ̀ wá. Ìyàwó Dirẹ́tọ̀ ni Geneviève. Ọkọ rẹ̀, Christophe, ni ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní ìhà Akparé rí, ó sì ti fẹ̀yìntì láti bí ọdún mẹ́jọ, ṣùgbọ́n Dirẹ́tọ̀ ni wọ́n ṣì ń pè é. Ẹni tó bá ṣèèṣì pè é ní Christophe lásán, kò ní dáhùn.

Ifẹ̀ tí wọ́n ń sọ ní Atakpamé ni Geneviève ń sọ, Yorùbá ni Fàósátù ń sọ. Ibi tí èdè méjèèjì bá ti pàdé, wọ́n á dúró níbẹ̀. Ibi tí wọn kò bá ti pàdé, Faransé á dí àlàfo náà, tàbí Ewe.

"Ẹ káàárọ̀, Ìyá Ùbàídù. Bàbá Bérénice kò mọ̀ pé mo wá síbí."

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ẹ jókòó. Kí ló ń já iná?"

Geneviève wò ó tìyanu-tìyanu. "Ta ló sọ fún yín pé iná ń já?"

"Ẹ̀yìn ọjà ni mò ń gbé, Màmá. Dirẹ́tọ̀ ti ka ìwé tó kọ sí iléeṣẹ́ iná fún gbogbo wa létí."

Geneviève mí kanlẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn.

Bérénice ni ọmọ wọn obìnrin, ó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní ilẹ̀ Faransé. Ìgbà tó wá kí wọn kẹ́yìn, ó rí i bí èéfín ṣe ń fa omi lójú ìyá rẹ̀ nídìí ààrò eléèédú ẹ̀yìnkùlé, ó sì búra pé òun á wá nǹkan ṣe sí i. Ó fi ààrò mànàmáná kan ránṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi: ààrò funfun tó ní ojú méjì lókè, tó sì ní fúù nísàlẹ̀, ìyẹn ihò onílẹ̀kùn gíláàsì tí wọ́n fi ń yan búrẹ́dì àti ẹja. Dirẹ́tọ̀ fúnra rẹ̀ lọ gbà á ní Lomé. Nígbà tí ọkọ̀ tó gbé e dé ẹnu ìlú, ó ní kí awakọ̀ dúró, kí wọ́n ká tapólì kúrò lórí rẹ̀, kí ooru má bàa mú un. Ọkọ̀ náà wá rọra ń gun òkè lọ, ó ń yí kiri, ó gba iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ó gba ẹ̀yìn ọjà, ó sì gba àdúgbò méjì tí kò sí lójú ọ̀nà ilé wọn rárá.

Pálọ̀ ni wọ́n gbé e sí, láàárín tẹlifíṣọ̀n àti àwòrán àwọn òbí Dirẹ́tọ̀. Ó ní fún ìgbà díẹ̀ ni. Ìgbà díẹ̀ náà ti di ọdún méjì àti oṣù márùn-ún.

"Àlejò ló wà fún," ni Geneviève wí. "Bí àlejò bá ti jókòó, tó ti mu omi, Bàbá Bérénice á dìde, á ká aṣọ olówùú tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ hun sórí rẹ̀ kúrò, á yí bọ́tìnì fúù. Gílóòbù inú rẹ̀ á tàn. Àlejò á ní háà! Kó tó ní háà kejì, ilé á ti ṣókùnkùn."

"Ní gbogbo ìgbà?"

"Ọdún àkọ́kọ́, kì í ṣe gbogbo ìgbà. Ní báyìí, gbogbo ìgbà ni."

"Ta ló ti wò ó?"

Geneviève ka ìka ọwọ́ rẹ̀. Àkọ́kọ́, Dirẹ́tọ̀ wò ó. Èrò tirẹ̀ ni pé ẹ̀rùn ti mú omi adágún Nangbéto, níbi tí wọ́n ti ń fa iná wá, lọ sílẹ̀, iná tó ń bọ̀ kò sì lágbára tó láti gbé ààrò òyìnbó. Ó fi ẹfun yà á sójú pátákó dúdú kan tó gbé ti ilé-ìwé bọ̀: ìsédò rèé, ọ̀pá iná rèé, ààrò rèé. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ béèrè pé kí ló dé tí omi adágún kì í fi lọ sílẹ̀ nílé aládùúgbò, ó nu pátákó náà.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Dorothée, tó ń bá wọn gbé. Dorothée ní ojú ayé ni. Ó ní kò sí ẹni tó máa gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ yí gbogbo ìlú ká tí ojú kò ní wọ̀ ọ́. Láti ìgbà náà ni ó ti ń mú omi ìbùkún bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, tó sì ń wọ́n ọn sí ààrò náà lójú, lẹ́yìn, àti nínú.

Ẹnì kẹta ni Isidore, oníṣẹ́ iná kan tó ní akoto pupa àti ẹ̀wù tó ń kọ mànà. Isidore fi etí lé ògiri, ó mi orí, ó ní fáàsì méjì, ìyẹn wáyà méjì tó ń gbé iná wọlé, ló ń bá ara wọn jà nínú ògiri. Ó pààrọ̀ ihò tí wọ́n ń ki okùn ààrò bọ̀, ó ya fọ́tò pẹ̀lú Dirẹ́tọ̀, ó lọ. Lọ́jọ́ tí àlejò tún dé, iná tún já.

"Kí ló wá dé tí ẹ fi wá lónìí?" ni Fàósátù béèrè.

Geneviève wo ìta kó tó dáhùn. "Bérénice ń bọ̀ nínú oṣù kejìlá. Bàbá rẹ̀ máa pé àádọ́rin ọdún. Ó ní inú ààrò yẹn lòun máa yan àkàrà òyìnbó ọjọ́ ìbí náà sí. Ìyá Ùbàídù, ọmọ yẹn rò pé mo ti ń fi í dáná láti ọdún méjì. Bàbá rẹ̀ ló sọ fún un lórí fóònù pé mo ti gbàgbé bí èédú ṣe rí. Ó tilẹ̀ wọ̀ mí láṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó fi ìgbakọ sí mi lọ́wọ́, ó yà mí ní fọ́tò nídìí rẹ̀."

Ó na ọwọ́ méjèèjì jáde. Èédú wà lábẹ́ èékánná rẹ̀ títí.

Ní ọjọ́ kejì ni Fàósátù lọ. Geneviève ti sọ fún ọkọ rẹ̀ lálẹ́ pé oníṣẹ́ iná kan ń bọ̀. Dirẹ́tọ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ọkùnrin gíga ni, irun orí rẹ̀ funfun, ó wọ aṣọ tí wọ́n lọ̀ kankan, bíi pé aago ilé-ìwé máa lù láìpẹ́. Ó wo Fàósátù, ó wo àpò rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹnìkan ń bọ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Màdámù. Ṣé oníṣẹ́ iná náà ṣì wà lọ́nà?"

"Ó ti dé, Dirẹ́tọ̀. Ẹ bá mi wá àga."

Wọ́n gbé àga fún un. Ó jókòó sí iwájú ààrò náà bí ẹni tó wá kí aláìsàn. Dirẹ́tọ̀ ròyìn adágún Nangbéto fún un, Dorothée ròyìn ojú ayé, Dirẹ́tọ̀ sì fi fáàsì méjì tó ń jà kún un.

"Fáàsì kan ṣoṣo ló wọ ilé yìí, Dirẹ́tọ̀," ni Fàósátù wí jẹ́jẹ́. "Ta ni yóò wá bá jà?"

Dirẹ́tọ̀ ní Isidore ní akoto.

Fàósátù dìde, ó lọ wo dísíjọ́ntọ̀, àpótí kékeré ara ògiri tó máa ń já iná gbogbo ilé nígbà tí ó bá rí ewu. Ó wo firíìjì ńlá tó wà ní kọ̀rọ̀, ó wo fáànù mẹ́ta, ó wo tẹlifíṣọ̀n. Ó ní òun rò pé òun ti mọ̀ ọ́n: ẹrù ló pọ̀ jù. Ilé kò gba ju ìwọ̀n iná báyìí lọ, gbogbo nǹkan yìí ló ń fà á lẹ́ẹ̀kan náà, ààrò wá dé, ó di ẹrù mọ́ ẹrù. Ó ní kí wọ́n yọ firíìjì, kí wọ́n pa fáànù, kí wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tó ku ààrò nìkan, ó yí bọ́tìnì fúù.

Gílóòbù tàn. Kò pẹ́ tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin. Pàá! Dísíjọ́ntọ̀ já.

Fàósátù fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu iwájú orí. "Mo ṣì í," ni ó wí. "Kì í ṣe ẹrù."

Inú Dirẹ́tọ̀ dùn dé ibi tí kò lè fi pamọ́. Láàárín ọdún méjì, kò sí ẹnìkan nínú àwọn tó wá tó jẹ́wọ́ pé òun ṣì nǹkan; òun alára kò jẹ́wọ́. Ó fa ìwé àkọsílẹ̀ kan yọ nínú dúrọ́ọ̀, ó tẹ gègé, ó sì kọ ọ́ sínú rẹ̀: ọjọ́, wákàtí, orúkọ Màdámù, àti pé Màdámù kùnà.

"Kí ni ìwé yẹn, Dirẹ́tọ̀?"

"Àkọsílẹ̀ iná tó ń já ni. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, wákàtí kọ̀ọ̀kan, àti àwọn tó wà níbẹ̀. Mo ń pa á mọ́ fún ìgbà tí wọ́n bá gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí dìde."

"Ẹ jẹ́ kí n wò ó."

Ó fún un pẹ̀lú ìgbéraga díẹ̀, nítorí pé Màdámù yìí ni ẹni àkọ́kọ́ tó béèrè rẹ̀. Fàósátù jókòó padà, ó sì kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ọwọ́ ìkọ̀wé Dirẹ́tọ̀ dára gan-an. Ọjọ́ Kérésìmesì: iná já, àlejò mẹ́jọ. Ìrìbọmi ọmọ ẹnìkan ní oṣù kejì: iná já, àlejò méjìlá. Ọjọ́ Àjíǹde. Ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ àdúgbò wá. Ọjọ́ tí ọ̀gá tuntun kan láti ìlú Lomé wá mu bíà. Fàósátù fi ìka tọ àlàfo tó wà láàárín wọn.

"Dirẹ́tọ̀, láàárín oṣù kejì àti Àjíǹde, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Kò sí nǹkan. Iná kò já."

"Ṣé ẹ tan ààrò náà láàárín ìgbà náà?"

"Kí la máa tàn án fún? Àlejò kò wá."

"Ẹ kò dáná sí i rí? Kódà ẹyin kan?"

Ọ̀rọ̀ yìí dà bí èébú létí Dirẹ́tọ̀. "Màdámù, nínú pálọ̀ ni ó wà!"

Fàósátù gbé ìwé náà sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n tún dá iná padà. Lọ́tẹ̀ yìí, kò fọwọ́ kan fúù. Ó yí bọ́tìnì ojú ààrò òkè, ti ọ̀tún. Gbogbo wọn ń retí ìró náà. Dorothée di àgbélébùú ọrùn rẹ̀ mú. Kò sí ìró kankan. Ojú ààrò náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, ekuru ọdún méjì orí rẹ̀ ń rùn. Ó yí ti òsì. Iná dúró. Geneviève na ọwọ́ sí ooru náà láti ọ̀nà jíjìn, ó fà á padà.

"Ó ń ṣiṣẹ́," ni ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ọdún méjì, ó ń ṣiṣẹ́!"

"Ojú méjèèjì ń ṣiṣẹ́. Kí ló dé tí ẹ kò gbìyànjú wọn rí?"

Dirẹ́tọ̀ wo ilẹ̀. "Wọn kò ní gílóòbù," ló dáhùn.

Fàósátù pa gbogbo rẹ̀, ó yọ okùn rẹ̀ kúrò lára ògiri, ó ní kí wọ́n ran òun lọ́wọ́ láti yí ẹ̀yìn ààrò síta. Ó tú ìdérí ẹ̀yìn. Ìlà funfun funfun wà lára irin inú, bí ojú ọ̀nà tí omi gbà ṣàn tó sì gbẹ.

"Ta ló ń da omi sí i?"

"Omi ìbùkún ni," ni Dorothée dáhùn. Ó gbójú sókè, ó ń retí kí Mùsùlùmí yìí sọ̀rọ̀ àìdáa kan.

Fàósátù fi èékánná ha ìlà funfun náà. "Mo bọ̀wọ̀ fún un, Màmá. Ẹ máa wọ́n ọn sí ẹnu ọ̀nà. Iná mànàmáná kò kàwé, kò mọ omi kan yàtọ̀ sí èkejì."

"Ṣé ohun tí o ń sọ ni pé omi ìbùkún ló bà á jẹ́?"

"Rárá, Màmá. Ó ti ń ṣàìsàn kí omi tó kàn án."

Ó yọ irin ìgbóná inú fúù jáde, irin gígùn kan tí wọ́n tẹ̀ bí ìwo àgbò, ó fi wáyà mítà tó fi ń yẹ iná wò kan orí irin náà àti ara rẹ̀. Ó ní kí Dirẹ́tọ̀ fúnra rẹ̀ wo abẹ́rẹ́ mítà náà. Bí irin náà bá dá ṣáká, abẹ́rẹ́ kò gbọdọ̀ mira. Abẹ́rẹ́ náà fò sókè. Ó gbé mítà lọ sára àwọn ojú méjì òkè, abẹ́rẹ́ sùn bí ọmọ tó yó.

Ó wá ṣàlàyé fún wọn. Inú irin yìí, wáyà tín-ín-rín kan wà níbẹ̀, òun ló ń gbóná. Ìyẹ̀fun funfun kan ni wọ́n kì sáàárín wáyà náà àti awọ irin, kí wọ́n má bàa fara kan ara wọn. Ìyẹ̀fun náà a máa fa omi inú afẹ́fẹ́ bí iyọ̀ ṣe ń fà á lásìkò òjò. Bí wọ́n bá ń dáná sí i déédéé, ooru á máa lé omi náà jáde. Bí wọ́n bá pa á tì ní oṣù méjì mẹ́ta, omi á jókòó sínú rẹ̀, iná á wá gba inú omi náà jò bọ́ sára irin. Dísíjọ́ntọ̀ rí i pé iná tó wọlé kò bá èyí tó padà dọ́gba. Ó mọ̀ pé ọ̀nà kan ni iná yìí ń gbà sá lọ, ó bá pa gbogbo ilé, kó má bàa pa onílé.

Dirẹ́tọ̀ ti ṣí ojú ewé tuntun. "Kí ni orúkọ àìsàn náà?"

"Àìríṣẹ́ṣe ni, Dirẹ́tọ̀."

Geneviève fi ìró bo ẹnu. Dirẹ́tọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, ó tún un kà, ó rọra fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

"Kí wá ni oògùn rẹ̀?"

"Ká gbẹ ẹ́. Màmá Bérénice, ẹ bá mi dá iná èédú."

Báyìí ni ó ṣe di pé irin ààrò mànàmáná tó ti ilẹ̀ Faransé wá ń yáná lórí ààrò eléèédú ní ẹ̀yìnkùlé Dirẹ́tọ̀. Fàósátù na asẹ́ onírin àtijọ́ kan sókè èédú, ó gbé irin náà lé e, ó jìnnà sí ẹyin iná tó kí ooru lè máa fẹ́ ẹ wọ́ọ́rọ́ láìjó o. Geneviève ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀. Ó ń ṣe é pẹ̀lú ìrọ̀rùn ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe. Dirẹ́tọ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ti géètì. Ó pẹ́ jù. Aládùúgbò kan ti yọ orí lókè ògiri.

"Dirẹ́tọ̀, ẹ kú oúnjẹ o! Irú ẹran wo lẹ ń sun yẹn?"

"Ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ẹ̀rọ ni!" ni Dirẹ́tọ̀ dáhùn, ó sì dúró síwájú ààrò, ó fẹ etí aṣọ rẹ̀ láti fi bò ó.

"Ó dàbí ìwo àgbò," ni aládùúgbò náà wí, ó sì lọ sọ bẹ́ẹ̀ káàkiri.

Nígbà tí àsìkò ìrun ọ̀sán tó, Fàósátù béèrè omi, ó ṣe àlùwàlá, ó kírun lábẹ́ igi máńgòrò. Ó padà wá, ó fi mítà kan irin náà. Abẹ́rẹ́ mira díẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan sí i. Ìgbà kejì, abẹ́rẹ́ sùn. Ó fi sílẹ̀ kó tutù, ó dá a padà sínú fúù, ó de ìdérí ẹ̀yìn, ó ki okùn bọ ògiri, ó tún tan firíìjì àti fáànù àti tẹlifíṣọ̀n. Ó yí bọ́tìnì.

Gílóòbù tàn. Wọ́n ka ìṣẹ́jú kan. Wọ́n ka márùn-ún. Gíláàsì fúù bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Dirẹ́tọ̀ pàtẹ́wọ́, ó sì na ọwọ́ sí Dorothée bí ẹni tí wọ́n ń kí kú oríire.

"Ó kù kan," ni Fàósátù wí. "Ẹ gbọ́dọ̀ máa fi í dáná. Ojú òkè, ojoojúmọ́. Fúù, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ó kéré tán. Bí ẹ bá tún pa á tì, á tún padà síbi tó wà. Bí ẹ bá sì fẹ́, mo lè fa wáyà tirẹ̀ lọ sí ilé ìdáná ẹ̀yìnkùlé."

Dirẹ́tọ̀ ní adìyẹ ń rìn káàkiri níbẹ̀. Ó ní ààrò náà kò ní kúrò ní pálọ̀.

"Ó dára," ni Geneviève wí. Ohùn rẹ̀ tutù. "Ṣùgbọ́n èmi kò lè dáná ní pálọ̀, Bàbá Bérénice. Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi lọ́dún méjì sẹ́yìn pé òórùn ọbẹ̀ kò gbọdọ̀ kan àga yín. Mo ti gbọ́, mo sì ti gbà."

"Ta ni yóò wá dáná sí i?"

Dorothée ní orúnkún ń dun òun. Fàósátù ń kó irinṣẹ́ rẹ̀ jọ, kò gbójú sókè. Dirẹ́tọ̀ wo ààrò, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó tún wo ààrò. Oṣù kan ló kù kí ọmọ dé.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, omi lásán ló sè. Ó jókòó tì í, ó sì kọ wákàtí tó hó sílẹ̀. Ọjọ́ kejì, ó se ẹyin mẹ́ta títí omi fi tán lábẹ́ wọn, ọ̀kan bú gbàmù, ó sì ta sí àwòrán bàbá rẹ̀ tó wà lókè lẹ́nu bí ẹni pé bàbá fẹ́ jẹ nínú rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ra ẹja adágún lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń kó o wá láti Nangbéto, ó ki í bọ fúù pẹ̀lú ìpẹ́ rẹ̀. Dorothée nìkan ló jẹ ẹ́, nítorí ọ̀rọ̀ ẹbí. Geneviève ń jẹ ẹ̀bà tirẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ó ń gbọ́ bí nǹkan ṣe ń já bọ́ ní pálọ̀. Kò dìde.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi ogójì ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìsirò kò lè pẹ́ kó tó mọ ìwọ̀n iyọ̀. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹja rẹ̀ ṣeé jẹ. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, aládùúgbò tó rò pé ìwo àgbò ni wọ́n ń sun rán ọmọ rẹ̀ wá pẹ̀lú abọ́. Àwọn kan ní Geneviève ti fún ọkọ rẹ̀ ní nǹkan jẹ. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú kan, Dirẹ́tọ̀ dúró síwájú ìgbìmọ̀ àdúgbò, ó sì sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta lórí bí òun ṣe ṣàwárí ohun tó ń já iná, nípasẹ̀ àkọsílẹ̀ tí òun fúnra òun ṣe. Ó fi kún un ní ìparí pé Màdámù kan bá òun di ìdérí ẹ̀yìn.

Wọ́n sọ ọ́ fún Fàósátù. Ó ní òótọ́ ni, òun ló di ìdérí ẹ̀yìn náà lóòótọ́.

Bérénice dé ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì. Ó bá ìyá rẹ̀ lórí àga gígùn tó wà ní pálọ̀, ó na ẹsẹ̀, ó ń wo tẹlifíṣọ̀n. Bàbá rẹ̀ wà nídìí fúù, ó ró ìró ìyàwó rẹ̀ mọ́ àyà, ó ń fi ìka dán ẹja wò. Ọmọ náà dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù lọ́wọ́.

"Màmá, kí lèyí?"

"Má yọ ọ́ lẹ́nu," ni Geneviève wí. "Dókítà ààrò ló ní kó máa ṣe é."

Àkàrà òyìnbó ọjọ́ ìbí náà wú dáadáa. Iná kò já. Àlejò méjìdínlógún ló wà níbẹ̀, wọ́n sì ní háà títí ó fi sú wọn.

Lẹ́yìn tí Bérénice padà sí òkè òkun, ní ọjọ́rú kan, Dirẹ́tọ̀ wá sí ìsọ̀ Fàósátù fúnra rẹ̀. Ó kọ́kọ́ kí i fún ìgbà pípẹ́, ó béèrè ilé, ó béèrè ọmọ, ó béèrè iṣẹ́. Fàósátù rò pé iná ti tún já.

"Iná dára," ni Dirẹ́tọ̀ wí. Ó sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọbẹ̀ ata ni, Màdámù. Tèmi máa ń kan. Mo se é lẹ́ẹ̀mẹta, ó kan lẹ́ẹ̀mẹta. Mi ò lè béèrè lọ́wọ́ Màmá Bérénice, ẹ mọ̀ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Báwo lẹ ṣe ń se tiyín?"

Fàósátù bú sẹ́rìn-ín, ó sì ní kó má bínú. "Dirẹ́tọ̀, èmi kò mọ ọbẹ̀ sè. Ọkọ mi ló ń dáná nílé wa. Òun ló ń ránṣọ ní ìsọ̀ kejì yìí." Ó na ọrùn síta. "Múítì! Múítì, ẹ wá gba àlejò."

Ọkùnrin kúkurú kan tó gbé okùn ìwọnṣọ kọ́ ọrùn jáde síta. Ó gbọ́ ẹjọ́ náà tán, ó fi ìdí jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó sì ní kí Dirẹ́tọ̀ jókòó tì í. Ó bi í bóyá ó ń bọ ata náà kó tó dín in. Dirẹ́tọ̀ ní rárá. Múítì mi orí.

Fàósátù gbé àpò irinṣẹ́ kọ́ èjìká, ó lọ síbi tí wọ́n ti ń retí rẹ̀. Nígbà tó fi máa padà lẹ́yìn ìrun àsárì, àwọn ọkùnrin méjèèjì ṣì wà lórí bẹ́ǹṣì, ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí ata, ó ti kan àlùbọ́sà, wọn kò sì fohùn ṣọ̀kan.